Ìdíje Eré Sísá U20 Àgbáyé: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Sáré, Kí sì Ni Góòlù Ibẹ̀ Jẹ́?

Gbogbo ìgbà tí ọmọ Nàìjíríà kan bá gba góòlù níbi ìdíje eré sísá àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé ni àríyànjiyàn kan náà máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù wa. Ẹnì kan á ní ọmọ náà ti di ọ̀gá gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré mọ́. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, eré ọmọdé lásán ni. Ẹnì kẹta á wá béèrè pé báwo ni ẹni ọdún 19 ṣe ń jẹ́ ọmọdé. Kálukú wọn ló di apá kan òótọ́ mú, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí níbẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ti yé, ìyókù kò ní le fún un.

World Athletics ló ń ṣètò ìdíje yìí, àjọ tó ń darí eré sísá, fífò àti jíjù káàkiri àgbáyé. Ọdún méjì méjì ló ń wáyé. Ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1986, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba góòlù níbẹ̀. Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló gba ipò kìíní nínú eré 200 mítà àwọn obìnrin, Mary Onyali tí òun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sì ṣe ìkejì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Olympics tó wáyé ní Atlanta, Ogunkoya sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó sì gba idẹ. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń sáré lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, World Junior Championships ni wọ́n ń pe ìdíje náà. Láti 2016 ló ti ń jẹ́ World U20 Championships; U20 túmọ̀ sí àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Tí ẹ bá wá kà nípa ẹnì kan pé ó gba góòlù ní "World Junior", tí ẹ sì kà nípa ẹlòmíì pé ó gba tiẹ̀ ní "World U20", ìdíje kan náà ni wọ́n lọ.

Ó kan ọjọ́ orí báyìí. Wọn kì í wo iye ọdún tí ọmọ náà jẹ́ lọ́jọ́ tó ń sáré. Iye ọdún tí yóò jẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún ìdíje náà ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ọdún 16, 17, 18 tàbí 19. Ìyẹn ni pé ọdún tí wọ́n bí ọmọ ló ṣe kókó; oṣù àti ọjọ́ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdíje 2026 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n gbé fún ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Àwọn tí wọ́n bí ní 2007, 2008, 2009 àti 2010 nìkan ló wà fún. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 2007 á ti lé ní ọdún 19 pẹ̀lú oṣù méje nígbà ìdíje yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa dá a dúró. Ọmọbìnrin kejì tí wọ́n bí lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 2006 fi ọjọ́ kan péré ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni ọdún 19 lòun náà lóṣù Kẹjọ yẹn. Àmọ́ kò lè wọlé, nítorí pé kí ọdún tó kásẹ̀ nílẹ̀, yóò pé 20. Lápá ìsàlẹ̀, bákan náà ló rí: ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí ọdún 2010 lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré bó tilẹ̀ jẹ́ pé 15 ló ṣì wà, nígbà tí èyí tí wọ́n bí níbẹ̀rẹ̀ 2011 á jókòó sílé.

Ẹni tó jẹ́ kí ayé mọ ìlànà yìí jù ni Usain Bolt. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986 ni wọ́n bí i. Nígbà tí ìdíje náà dé Kingston, ní ìlú rẹ̀ Jàmáíkà, lóṣù Keje 2002, ó ku bí oṣù kan kó pé 16. Ó bá àwọn ẹni ọdún 18 àti 19 sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 20.61, ó sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó sọ pé "ọmọ ọdún 15 gba góòlù àwọn ọmọ ọdún 19" kò purọ́, wọn kò sì tẹ òfin lójú fún un.

Ohun kan wà nínú ìlànà yìí tí mi ò rí kí ọ̀pọ̀ òbí tàbí kóòṣì ronú sí. Nítorí pé ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì, bíi 2022, 2024 àti 2026, ni ìdíje yìí máa ń bọ́ sí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí i láyé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2008 á bá a pàdé ní ẹni ọdún 16, á tún bá a pàdé ní 18, ó tán. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2007 á bá a ní 17, á sì tún padà wá ní 19, nígbà tí eegun rẹ̀ ti le dáadáa. Ọdún kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, àmọ́ nínú eré sísá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 18 àti 19 lè jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó gba góòlù àti ẹni tí kò dé ìpele àṣekágbá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọmọ ọdún 16 tó ṣe ipò kẹfà, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà fi bí ìlànà yìí ṣe lè ni ọmọ ènìyàn lára hàn wá. Ọdún 2020 ló yẹ kí ìdíje náà wáyé ní Nairobi, Kẹ́ńyà. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹjọ 2021. Ọdún yí padà, ọjọ́ orí náà sì bá a yí: àwọn tí wọ́n bí ní 2002 sí 2005 ló di ẹni tó lè wá. Gbogbo àwọn tí wọ́n bí ní 2001, tí ìdíje 2020 ì bá bá ní ẹni ọdún 19, pàdánù rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n lórí pápá o. Kàlẹ́ńdà ló gbé àǹfààní náà kọjá lórí wọn.

Àwọn ìdíje mìíràn wà tí wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ èyí. World Athletics ní ìdíje àgbáyé kan tẹ́lẹ̀ fún àwọn ẹni ọdún 16 àti 17, tí wọ́n ń pè ní World Youth kó tó di World U18. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Bydgoszcz, Pólándì, lọ́dún 1999, ó sì parí sí Nairobi lọ́dún 2017. Kò sí mọ́. Olympics àwọn ọ̀dọ́ tún wà, tí ìgbìmọ̀ Olympics ń ṣètò fún àwọn tí kò ju 17 lọ. Èyí tí wọ́n gbé fún Dakar, Sẹ̀nẹ̀gà, ní 2026 ni ìdíje Olympics àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn U18 àti U20 wà, tó wáyé ní Abẹ́òkúta lóṣù Keje 2025, ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn, pé ìpínlẹ̀ tí Ogunkoya ti wá ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti wá sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba góòlù ní Abẹ́òkúta gba ti Áfíríkà ni; ti àgbáyé ṣì wà níwájú rẹ̀.

Nítorí pé ara ọmọ ọdún 17 kò tíì gbó tó ti ẹni ọdún 27, wọ́n dín ohun èlò kù fún àwọn ọkùnrin U20. Irin róbótó tí àwọn àgbà ọkùnrin ń jù wọn kílò 7.26, ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin jẹ́ kílò 6. Òòlù onírin náà, 7.26 fún àgbà, 6 fún wọn. Àwo díṣíkọ́ọ̀sì jẹ́ kílò 2 fún àgbà, 1.75 fún àwọn ọmọ. Ọ̀kọ̀ nìkan ni kò yí padà, gíráàmù 800 ni fún àtàgbà àtọmọdé. Nínú eré 110 mítà tí wọ́n ti ń fo igi, igi àwọn àgbà ga ní sẹ̀ǹtímítà 106.7, ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ga ní 99.1. Ní ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin U20, ohun èlò tí àwọn àgbà obìnrin ń lò gan-an làwọn náà ń lò: irin kílò 4, ọ̀kọ̀ gíráàmù 600, igi kan náà.

Ibi tí èyí ti ń da orí àwọn ènìyàn rú nìyí. Ní Nairobi lọ́dún 2021, Sasha Zhoya, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fo igi 110 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.72. Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ti àwọn àgbà, tí Aries Merritt ti Amẹ́ríkà ní, jẹ́ 12.80. Ṣé ọmọdé wá yára ju àgbà tó yára jù láyé lọ ni? Rárá o. Igi tí Zhoya fò rẹlẹ̀ sí ti Merritt. Ẹni tó gbé garawa omi kíkún àti ẹni tó gbé ìdajì garawa, a kì í fi ìrìn wọn wéra. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù U20 sínú ìwé ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí igi tàbí irin, bíi 100 mítà, ẹ lè fi wọ́n wéra láìsí ìjà: 9.91 tí Letsile Tebogo ti Botswana sá ní Cali, Kòlóńbíà, lọ́dún 2022, tó di rẹ́kọ́ọ̀dù U20 àgbáyé, 9.91 náà ni níbi yòówù kí wọ́n ti kà á. Lórí ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin, gbogbo rẹ̀ ló ṣe é wé, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń fara balẹ̀ wo èsì tiwọn jù.

Àwọn lẹ́tà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ lórí tẹlifíṣọ̀n tún jẹ́ ìṣòro fún àwọn ènìyàn. PB ni àkókò tó dára jù tí ọmọ náà ti sá láyé rẹ̀, SB sì ni èyí tó dára jù lọ́dún yẹn. NR jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù orílẹ̀-èdè rẹ̀. CR jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ìdíje yẹn fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láti 1986 níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. WU20R ni rẹ́kọ́ọ̀dù U20 gbogbo àgbáyé, níbi yòówù kó ti wáyé. DNS, kò jáde wá sáré rárá. DNF, ó bẹ̀rẹ̀ kò parí. DQ, wọ́n lé e jáde. Q ńlá túmọ̀ sí pé ipò tó ṣe ló gbé e lọ sí ìpele tó kàn. q kékeré túmọ̀ sí pé ipò rẹ̀ kò gbé e débẹ̀, àkókò tó sá ló yọ ọ́. Ọmọ tó ṣe ipò karùn-ún pẹ̀lú q kékeré lè sáré ju ẹni tó ṣe ipò kejì pẹ̀lú Q ńlá nínú ọ̀wọ́ tí kò le, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí ẹ bá sì rí ẹni méjì pẹ̀lú àkókò kan náà, tí ọ̀kan gba góòlù tí èkejì gba fàdákà, kì í ṣe ojúsàájú. Ní Cali, nínú eré 200 mítà, 19.96 ni wọ́n kọ fún Blessing Afrifah ti Ísírẹ́lì, 19.96 náà ni wọ́n kọ fún Tebogo. Kámẹ́rà tó wà lórí ìlà ìparí máa ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Afrifah ló fi irun kan ṣáájú.

Báwo wá ni góòlù náà ṣe tóbi tó? Ó tóbi. Wọ́n kò fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Haile Gebrselassie ti Ethiopia gba méjì ní Seoul lọ́dún 1992. David Rudisha gba tiẹ̀ ní Beijing lọ́dún 2006, Kirani James ti Grenada ní Moncton lọ́dún 2010, Faith Kipyegon ní Barcelona lọ́dún 2012, Armand Duplantis ní Tampere lọ́dún 2018, Emmanuel Wanyonyi ní Nairobi lọ́dún 2021. Gbogbo wọn ló padà di ọ̀gá ní Olympics. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Góòlù U20 fi hàn pé ọmọ náà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò tíì bá àwọn tó ti ń sáré fún ọdún mẹ́wàá pàdé.

Ẹni tí kò sì gbà á kò tíì pàdánù. Jakob Ingebrigtsen ti Norway gba fàdákà àti idẹ péré ní Tampere, ó sì padà gba góòlù Olympics ní Tokyo àti ní Paris. Tóbi Àmùsán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ sí Bydgoszcz lọ́dún 2016 ní ẹni ọdún 19, ọdún tó kẹ́yìn tó lè lọ. Ipò karùn-ún ló ṣe. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní pápá Hayward Field ní Eugene, níbi tí wọ́n gbé ìdíje U20 ti 2026 sí gan-an, ó fo igi 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì tíì sí obìnrin kankan tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ta ló fẹ́ rántí àwọn mẹ́rin tó ṣíwájú rẹ̀ ní Bydgoszcz?

Ó tún yẹ kí á máa wo ẹni tó wà lórí pápá. Nàìjíríà gba góòlù mẹ́rin ní Nairobi lọ́dún 2021: Imaobong Nse Uko nínú 400 mítà, Udodi Onwuzurike nínú 200 mítà, àwọn obìnrin nínú rílè 4×400 (eré tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn), àti rílè tọkùnrin-tobìnrin tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi ìdíje yìí. Johnson Nnamani, Uko, Opeyemi Deborah Oke àti Bamidele Ajayi ló sá èyí tó kẹ́yìn yìí ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 19.70. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà kò rán ẹnikẹ́ni wá lọ́dún yẹn nítorí Kòrónà. Àwọn kan fi ìyẹn bu àwọn ọmọ wa kù, mi ò sì fara mọ́ ọn. Tebogo tí Onwuzurike ṣíwájú nínú 200 mítà yẹn, òun náà ló gba góòlù Olympics nínú eré kan náà ní Paris lọ́dún 2024. Ẹ wo àkókò, ẹ wo ẹni tí wọ́n bá sáré, kí ẹ tó sọ pé góòlù kan fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni irọ́ ọjọ́ orí. Nílé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọmọ tó ní ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ bí i sí, tó tún ní èyí tó fi ń ṣeré, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù tí wọ́n fi ṣe páspọ́ọ̀tù. Àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò lè ní ju ẹni méjì lọ nínú eré kan níbi ìdíje U20. Tí ẹni ọdún 22 bá fi irọ́ gba ọ̀kan nínú àyè méjèèjì, ọmọ ọdún 17 kan wà ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Àkúrẹ́ tó jókòó sílé, tí kò sì ní mọ ohun tó lé òun. Ẹni tó purọ́ náà kò jèrè púpọ̀: irin kílò 6 tó mọ́ ọn lọ́wọ́ kò sí láàárín àwọn àgbà, àwọn ọdún tó yẹ kó fi bá wọn díje sì ti lọ. World Athletics ka yíyí ọjọ́ orí padà sí ẹ̀ṣẹ̀, Athletics Integrity Unit, ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2017, ló ń wádìí irú rẹ̀. Kóòṣì tó bá mú ọmọ lọ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ba ayé ọmọ náà jẹ́ ni.

Fún òbí tó ń béèrè ọ̀nà tí ọmọ òun fi lè débẹ̀: kì í ṣe ilé-ìwé tàbí kílọ́ọ̀bù ló ń fi orúkọ ránṣẹ́, àjọ eré sísá orílẹ̀-èdè ni, tiwa sì ni AFN. World Athletics máa ń gbé òṣùwọ̀n jáde fún eré kọ̀ọ̀kan ṣáájú ìdíje, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ sáré, fò tàbí ju nǹkan dé òṣùwọ̀n yẹn láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ibi ìdíje tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn atẹ́gùn, ló ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Atẹ́gùn tó ń ti ọmọ lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ju mítà 2.0 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ nínú 100 mítà, 200 mítà, eré kúkúrú tí wọ́n ti ń fo igi àti fífò jìnnà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní ka èsì náà fún rẹ́kọ́ọ̀dù. Àkókò tí olùkọ́ fi aago ọwọ́ ká lọ́jọ́ ìdíje ilé-ìwé, bó ti wù kó dùn tó, wọn kì í gbà á fún àwọn eré kúkúrú. Ẹ̀rọ tó ń ka àkókò fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Tí kóòṣì ọmọ yín bá sọ pé ó ti sá 10.4 nínú 100 mítà, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀rọ ló kà á tàbí ọwọ́.